Fọ́tò Tó Wà Lára Ògiri Wa

 Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìmáàmù, kì í sì í ṣe ti òṣùpá àwẹ̀. Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni. Inú ilé tiwa ni ó ti ṣẹlẹ̀, mo sì ti tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé kí n tó kọ ọ́ síta, nítorí pé àṣìṣe ibẹ̀ pọ̀ díẹ̀, èmi gan-an sì ní ìpín tèmi níbẹ̀.

Ní ọdún 2023 ni ó pé ọgọ́ta ọdún tí bàbá tó bí bàbá mi ti jáde láyé. A ṣe ìpàdé ẹbí nílé mi ní Bódìjà, a sì fi ẹnu kò pé a óò ṣe àdúà fún wọn, a óò sì tẹ kàlẹ́ńdà tí fọ́tò wọn yóò wà láàárín, tí ti àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ yóò yí i ká. Kò sí ẹni tó rò pé iṣẹ́ kankan wà nínú èyí. Fọ́tò bàbá àgbà ti wà ní pálọ̀ wa láti ọdún 1991 nínú férémù ńlá: ọkùnrin kan tó wé láwàní funfun, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Dùgbẹ̀, tí àwọn ọmọdé mẹ́rin dúró tì í. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ó rí i nínú àpótí páànù bàbá wa lẹ́yìn tí bàbá kú, òun ni ó sì ní kí wọ́n sọ ọ́ di ńlá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti fi pẹ́ńsùlù kọ "Bàbá Àlàájì, Iléyá." Bàbá àgbà lọ sí Mẹ́kà ní 1956. Kí ni a tún ń wá?

Èmi ni wọ́n ní kí n kó àwọn fọ́tò yòókù jọ, kí n sì mọ orúkọ ẹni tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní mo ti fi òwò aṣọ tí mò ń ṣe ní Gbági sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, pé ọwọ́ mi dilẹ̀.

Àpótí náà! Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ìpẹtà ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ikán ti gba ibẹ̀ wọlé, nǹkan bí ogún fọ́tò sì ti lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ìwé ìròyìn àtijọ́ tí a fi wé wọn ti pọ́n, ó sì ti ran àwọn fọ́tò náà. Mo ti fẹ́ fi èékánná ya àwọn tó lẹ̀ pọ̀ kí ọmọ mi obìnrin tó wọlé, tí ó kígbe mọ́ mi: "Bàbá, ẹ má ya á o! Ojú wọn ni yóò bá èkejì lọ." Òótọ́ ni ó sọ. A fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí a ó fi rí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

Nínú àwọn tí kò lẹ̀ ni mo ti rí fọ́tò kékeré tí wọ́n ti ya èyí tó wà nínú férémù jáde. Dúdú àti funfun ni, kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹni tó sọ ọ́ di ńlá ní 1991 ti gé ẹ̀gbẹ́ kan kúrò, kí ojú bàbá lè hàn dáadáa. Ní ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n gé dànù yẹn, lókè orí àwọn ọmọdé, ilé gíga kan wà. Mo gbé awò tí mo fi ń kàwé lé e. Cocoa House ni.

Gbogbo ẹni tó bá ń ná ọjà Dùgbẹ̀ ló mọ ilé yẹn. Àjà 26 ni, owó kòkó àwọn àgbẹ̀ wa ni wọ́n fi kọ́ ọ, ọdún 1965 ni wọ́n ṣí i. Bàbá àgbà ńkọ́? Àlùfáà wọn ti fi èdè Lárúbáwá kọ ọjọ́ ikú wọn sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú Kùránì wọn: oṣù Rajab, ọdún 1383. Ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ ìṣirò rẹ̀ sọ fún mi pé Rajab ọdún yẹn bọ́ sí àárín November sí December 1963. Ẹ wò ó ná. Ẹni tó kú ní 1963, báwo ni yóò ṣe dúró níwájú ilé tí wọ́n ṣí ní 1965? Mo kọ́kọ́ bá ara mi jiyàn pé bóyá wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí igi kankan lára rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ pé, ilé tó ti parí ni.

Oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Ọdún 32 ni a fi ń fi ìka tọ́ka sí ọkùnrin yìí fún àwọn ọmọ wa.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ohun tí mo kọ́ nínú wàhálà yìí lè ṣe ẹlòmíràn láǹfààní. Ohun tó wà nínú fọ́tò lè sọ fún wa pé fọ́tò náà kò ṣáájú ọdún báyìí. Ó ṣòro gan-an kí ó sọ fún wa pé kò kọjá ọdún báyìí. Aṣọ tí ìyá kan rà ní 1950, ó lè wọ̀ ọ́ ya fọ́tò ní 1970. Aṣọ títa tí ayàwòrán fi sí ẹ̀yìn ènìyàn ní sítúdíò lè lo ọdún mẹ́wàá. Òǹtẹ̀ tó wà lẹ́yìn fọ́tò náà ńkọ́? Bí ó bá kọ "Oyo State," fọ́tò náà kò ṣáájú February 1976 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ "Western Region," ẹ má yára sọ pé ó ṣáájú 1967 tí wọ́n pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12, nítorí pé ayàwòrán tó mọ iye owó kì í ju òǹtẹ̀ nù nígbà tó bá ṣì ń tẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ mi, owó ni kí ẹ máa wò. Bí ó bá jẹ́ fọ́tò ìnáwó, tí wọ́n ń lẹ owó mọ́ ìyàwó lórí, tí ojú owó náà sì hàn, ó ti parí: kò sí náírà ṣáájú January 1973, bẹ́ẹ̀ ni ogún náírà olójú Murtala Muhammed kò sí ṣáájú February 1977. Ẹ tún wo etí fọ́tò náà. Èyí tó ní ààlà funfun, tí wọ́n gé etí rẹ̀ gánagàna bí eyín ayùn, wọ́pọ̀ láti bí 1930 sí 1960 ó lé díẹ̀. Fọ́tò aláwọ̀ kò tètè dé ọ̀dọ̀ mẹ́kúnnù. Kodak ti ń ta fíìmù Kodacolor láti 1942, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, lẹ́yìn 1970 ni ó tó wọ́pọ̀ nílé ènìyàn bíi tèmi.

Ẹ wo títì pẹ̀lú. Ní 2 April 1972 ni ìjọba ní kí ọkọ̀ kúrò ní ọwọ́ òsì, kí ó máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Nínú fọ́tò Dùgbẹ̀ yìí, ọkọ̀ méjì hàn lẹ́yìn bàbá, ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn méjèèjì ń gbà. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o. Bí ayàwòrán bá dojú fíìmù kodò nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́, ọ̀tún yóò di òsì. Mo ní fọ́tò ilé-kéú kan tí mo fi ọjọ́ méjì wò, tí n kò lè ka ohun tó wà lára pátákó àwọn ọmọ náà. Mo rò pé èmi ni mo ti gbàgbé kéú, àfìgbà tí mo gbé e síwájú dígí, tí Bisimillahi yọ gedegbe. Ti Dùgbẹ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí mo rí lẹ́tà lára pátákó ìsọ̀ kan níbẹ̀, ó ṣeé kà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Iléyá tó wà lẹ́yìn fọ́tò yẹn ni ó là mí lójú jù lọ, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè fi orí ara rẹ̀ rò sì ni. Méjì nínú àwọn ọmọ náà wọ súẹ́tà, ìkẹta fi gèlè kékeré bo etí, eruku ọyẹ́ sì bo Cocoa House débi pé òkè rẹ̀ kò hàn tán. Iléyá nínú ọyẹ́! Ọdún òṣùpá fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kéré sí ọdún oòrùn, nítorí náà Iléyá ń sún síwájú lọ́dọọdún nínú kàlẹ́ńdà Òyìnbó, yóò sì tó ọdún 33 kí ó tó yí padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1956 tí bàbá àgbà lọ sí Mẹ́kà, oṣù July ni Iléyá, nínú òjò. Ní 1960, ìbẹ̀rẹ̀ June ni. Ní 1965, oṣù April. Ní 1973, inú January ni. Ṣáájú ìyẹn, bí 1941 ni a ti rí irú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di 2006. Ti 1941 kò lè jẹ́, Cocoa House kò tíì sí. Ti 2006 kò lè jẹ́, férémù wa ti wà lára ògiri. Ìkọ̀ọ̀kan tó kù ni Iléyá January 1973, ti January 1974, ti December 1974, ti December 1975 àti ti December 1976. Ẹ ṣàkíyèsí pé Iléyá méjì ni ó wà nínú 1974: ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ January, èkejì ní ìparí December.

Nǹkan kan tún wà tó yẹ kí ó ti yé wa tipẹ́. Ẹni tó bá ń ṣe hajj lọ́wọ́, Mẹ́kà ni yóò wà lọ́jọ́ Iléyá, kì í ṣe Dùgbẹ̀. A kàn ń sọ pé fọ́tò náà jẹ́ ti ọdún tí bàbá lọ sí Mẹ́kà, kò sí ẹni tó dúró rò ó.

Ó ku kí n mọ ẹni tó wé láwàní. Bàbá àgbà ní àbúrò kan tí òun náà di àlàájì, tó kú ní 1979, "Bàbá Àlàájì" ni gbogbo ilé sì ń pe àwọn méjèèjì. Mo wá páásípọ́ọ̀tù tí bàbá àgbà fi lọ ní 1956, mo rí i nínú àpò awọ kan pẹ̀lú tẹ̀sùbáà wọn. Fọ́tò inú rẹ̀ kò ju ìtẹ́dìí sítáǹbù lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí tó dà bíi rẹ̀, nítorí òǹtẹ̀ ìjọba àti ọjọ́ wà lórí rẹ̀. Ojú lè sanra, ó lè rù, irùngbọ̀n lè dé. Etí kì í yí padà bẹ́ẹ̀. Etí bàbá inú páásípọ́ọ̀tù lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ nísàlẹ̀. Ti ọkùnrin inú férémù rọ̀ sílẹ̀, ó dá dúró.

Ẹ gbọ́ ìpín tèmi wàyí. Àbúrò bàbá àgbà yìí ní ọmọ obìnrin kan tó ṣì wà láyé, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì. Agbówó ni wọ́n ń gbé, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Lọ́jọ́ tí a gbé férémù náà kọ́ ní 1991, wọ́n wò ó títí, wọ́n sì wí pé, "Bàbá mi nìyí." Èmi ni mo dá wọn lóhùn níwájú èrò. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ àdúà, ṣebí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò máa ń jọra." Àwọn ọkùnrin ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì dákẹ́, wọn kò sì tún sọ ọ́ mọ́. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé omíyalé Ògùnpa ti August 1980 ti gbé gbogbo ẹrù wọn lọ, kò sì sí fọ́tò bàbá wọn kankan lọ́wọ́ wọn. Èyí tó wà ní pálọ̀ wa nìkan ló kù láyé.

Mo lọ sí Agbówó lọ́jọ́ Sátidé kan. Èmi nìkan ni mo lọ, nítorí pé bí èèyàn mẹ́ta bá jókòó yí fọ́tò ká, ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni yóò darí àwọn yòókù. N kò sì pe orúkọ kankan. Mo tẹ́ fọ́tò márùn-ún sórí ẹní, mo ní, "Ìyá, ẹ bá mi wo àwọn wọ̀nyí." Ọmọ mi ti fi sí orí fóònù mi kí ó máa gba ohùn wọn sílẹ̀.

Wọn kò fọwọ́ kan mẹ́rin yòókù. Ti Dùgbẹ̀ ni wọ́n mú. Wọ́n ní, "Ọdún tí a pa àgbò lẹ́ẹ̀mejì ni. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni èyí. Bàbá mi ń ráhùn lọ́jọ́ yẹn pé owó àgbò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kò tíì kúrò lọ́kàn òun tí òmíràn fi tún dé." Mo ti lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí ìṣirò, ìyá yìí kò lo ìṣẹ́jú méjì. December 1974.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo bẹ̀ wọ́n nítorí ọ̀rọ̀ 1991. Wọ́n ní kí n dìde, pé aṣọ mi yóò dọ̀tí.

Wọ́n wá ń dárúkọ àwọn ọmọ inú fọ́tò náà. Èyí tó fi gèlè bo etí ni Táíwò, ọmọ tiwọn. Láìronú, mo bi wọ́n pé, "Kẹ́hìndé dà?" nítorí pé ọ̀kan nínú fọ́tò tó wà lórí ẹní náà jẹ́ ti ìbejì, ọmọ bí ọdún mẹ́rin, tí wọ́n jókòó pọ̀ lórí àga gígùn, mo sì ti kọ orúkọ àwọn méjèèjì sínú ìwé ìdílé pé wọ́n dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ìyá Ìbejì gbé e, wọ́n fi sí ojúgun wọn, wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Táíwò ni méjèèjì."

Ọmọ ọdún méjì ni Kẹ́hìndé nígbà tó kú. Táíwò kò yé béèrè rẹ̀. Àwọn ìyá àtijọ́ ìbá gbẹ́ ère. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ayàwòrán kan ní Dùgbẹ̀ ní kí wọ́n gbé Táíwò wá, ó yà á lápá ọ̀tún àga, ó tún yà á lápá òsì, ó sì tẹ méjèèjì sórí ìwé kan ṣoṣo. Nígbà tí mo tún gbé awò lé e, mo rí ìlà tín-ín-rín láàárín àga náà, mo sì rí i pé ìdí tí aṣọ ọmọ kan fi ká lápá èjìká náà ni ti èkejì fi ká. Èyí kì í ṣe ti ilé wa nìkan. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague, tó ṣe ìwádìí iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ní Ìlá-Ọ̀ràngún, kọ nípa irú fọ́tò ìbejì bẹ́ẹ̀ ní 1978, ó sì sọ pé láàárín àwọn onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí, fọ́tò náà ń dípò ère. Ẹ̀yin tí ẹ ń to ìwé ìdílé, ẹ máa wo fọ́tò ìbejì lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó ka orí.

Ó wù mí kí n rí fíìmù tí ayàwòrán náà lò, ṣùgbọ́n sítúdíò rẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ń ta fóònù, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí àwọn fíìmù gbé gbà lọ. Ìbànújẹ́ ńlá ni èyí. Ìbàdàn yìí ni J. D. Ojeikere ti ṣiṣẹ́ ní yàrá òkùnkùn iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba láti 1954, kí ayé tó mọ̀ ọ́n fún fọ́tò irun dídì. Ní Benin, Solomon Osagie Alonge, ayàwòrán Ọba, tọ́jú fíìmù tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan ní Washington fi pàtẹ wọn ní 2014. Mélòó nínú àwọn ayàwòrán Dùgbẹ̀ àti Gbági ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí?

Ìpàdé ẹbí kejì kò rọrùn. Àwọn ará ilé wa ní Ring Road bínú. Wọ́n ní mo fẹ́ gba bàbá lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ àlùfáà láàárín wa tún dìde, ó ní gbígbé fọ́tò kọ́ sára ògiri gan-an kò tọ́ nínú ẹ̀sìn, nítorí náà kí ni a ń jà sí? N kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré, àwọn àgbà àlùfáà wà tí èrò wọn rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Muhammad Bakhit al-Muti'i, tó jẹ́ Mufti Íjíbítì rí, kọ ìwé láti fi hàn pé fọ́tò yàtọ̀ sí ère gbígbẹ́, pé òjìji ènìyàn ni a kàn mú dúró. Èyí tó bá wu kálukú ni kí ó tẹ̀lé. Ohun tí mo sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni pé ọ̀rọ̀ tiwa ti kúrò ní ti ògiri. Súrátù Ahzab, áyà karùn-ún, ti sọ bí a ó ṣe máa pe ọmọ mọ́ bàbá rẹ̀, àwa sì ti fi ọdún 32 pe bàbá ẹni ẹlẹ́ni ní tiwa lójú ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó jókòó. Àwọn ará Ring Road kò jókòó bọ̀rọ̀. Nígbà tí mo gbé páásípọ́ọ̀tù àti Kùránì kalẹ̀, tí wọ́n gbé e yí ká láti ọwọ́ dé ọwọ́, ni ilé tó rọ̀.

A tẹ kàlẹ́ńdà náà. Fọ́tò páásípọ́ọ̀tù ni a fi sáàárín, ó ṣú díẹ̀, nítorí pé kékeré ni. Ti Dùgbẹ̀ wà lápá ọ̀tún rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àbúrò bàbá àgbà àti "Iléyá, December 1974" nísàlẹ̀. Lẹ́yìn fọ́tò kékeré náà, mo fi pẹ́ńsùlù rírọ̀ kọ ohun tí Ìyá Ìbejì sọ àti ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Bírò kọ́, nítorí bírò máa ń là sójú. Gbogbo wọn ti kúrò nínú àpótí páànù, wọ́n wà nínú páálí lórí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí òjò àti ikán kò lè dé.

Ìyá Ìbejì ní kí a kọ orúkọ Kẹ́hìndé sí kàlẹ́ńdà náà, ṣùgbọ́n kí a má lo fọ́tò orí àga yẹn. A kọ ọ́ síbẹ̀ lábẹ́ ti Táíwò, a fi àyè fọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ ní funfun.

Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé férémù náà lọ sí Agbówó lọ́jọ́ àdúà gan-an. Táíwò ni ó gbé e lé ẹsẹ̀.